Nígbà tí Ojú Kànga Dá

Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dé Abúlé Àràbà, oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibẹ̀, láti etí títì Mowe títí dé odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Mùsáfírù, ọkọ Kúlúsúmù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, òun ló sì pe àwọn agbẹ́kànga wá síwájú ilé náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí irin. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa iṣẹ́ tì kí omi tó sun. Ìgbà tó sì sun, omi tó mọ́, tó tutù, tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni.

Lẹ́yìn náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, tí ìlú kékeré kan sì hù yí i ká bí olú ti í hù lẹ́yìn òjò. Àwọn ará Èkó ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn oní-fótókọ́pì dé, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá dá ibùdókọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ìwé, àwọn onípọ́ọ̀sì tó ń sanwó fún ènìyàn ṣí agboòrùn sí gbogbo ìyànà. Ohun tí ìlú nílò kò tètè dé bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe dé. Ọ̀nà kò lọ́dà, ẹ̀rọ tó ń pín iná àdúgbò ń jó lójoojúmọ́, omi ìjọba kò sì dé ibẹ̀ rí. Kànga Mùsáfírù ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbára lé.

Mùsáfírù kú, kànga kù fún Kúlúsúmù. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Òfin méjì péré ló ṣe: kí ẹni tó bá fẹ́ pọnmi bọ́ bàtà kó tó gun orí sìmẹ́ńtì, kó sì kí òun. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tó ti kírun àárọ̀ tán, á gbé àpótí rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á jókòó. Àwọn ọmọ á máa dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti bókéètì.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Oníkànga."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìdánwò yẹn ńkọ́? Ṣé o rí i ṣe?"

Ó mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, ó mọ ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ já sílẹ̀. Ó mọ ẹni tí kò tíì jẹun, á sì pè é wọlé kó wá jẹ èbà. Mùízz, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń gbé ní Àgbàdo pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kì í sì í sábà wá. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé Kúlúsúmù kò lọ́mọ? Láràárọ̀ ni ọmọ ń kún ojúlé rẹ̀.

Mùízz fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn fi yàrá mẹ́rin kún ẹ̀yìn ilé, kí àwọn fi gba akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ ọ. Àyè tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan, ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n gbẹ́ ihò sókàwéè tó ń gba omi ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn yàrá náà sí, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí kànga. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ gba yàrá níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dárasími, tó wá láti apá Oǹdó. Nígbà tó dé, owó tó mú wá kò pé, Kúlúsúmù sì ní kó máa gbé ibẹ̀ ná. Láti ọjọ́ náà ni Dárasími ti di ọmọ ilé. Òun ló ń bá a gbálẹ̀, òun ló ń bá a tẹ fóònù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí bí ó bá ń bá a di irun.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn títí Stella fi kó dé.

Ìyàwó ilé tó wá láti Èkó ni Stella, ó lé díẹ̀ lógójì ọdún. Ọkọ rẹ̀, Adébánjí, ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ló ń wọlé. Ọmọ kan ni wọ́n bí, Olúwajùwọ́n, tó wà ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé. Ilé tí wọ́n kọ́ kọjá ti Kúlúsúmù díẹ̀, lápá òkè, ó sì ní fẹ́ǹsì funfun. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá agbẹ́-bóòhóòlù wọ àdúgbò, tó ń pariwo láti àárọ̀ dalẹ́, Stella wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kúlúsúmù, ó kúnlẹ̀.

"Mama, ẹ má bínú sí ariwo wa. Bóòhóòlù la ń gbẹ́."

"Kò sí wàhálà, Ìyá Jùwọ́n. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó sun."

Tọkàntọkàn ló fi ṣàdúrà náà. Omi sun. Wọ́n gbé táńkì dúdú ńlá lé orí irin, wọ́n to sólà sórí òrùlé tí yóò máa fa omi náà. Kò pẹ́ sí i, Stella ní kí wọ́n yọ ẹnu ẹ̀rọ kan jáde síta fẹ́ǹsì, kí ẹni tó bá fẹ́ pọn máa pọn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló tún padà wá kí Kúlúsúmù. Ó kúnlẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo kànga, ó wá ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa se omi yín kí ẹ tó mu ú. Òjò ti ń rọ̀ jù."

Ọ̀rọ̀ náà gún Kúlúsúmù lára. Obìnrin tó dé lánàá! Omi tí Mùsáfírù mu títí ó fi kú, tí kò fi ọjọ́ kan ní inú ń run òun! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A dúpẹ́, mà. Ẹ ṣé tí ẹ kọ́ wa." Títí dìgbà yẹn, "o" ló fi ń bá Stella sọ̀rọ̀, bí àgbà ti í bá àbúrò sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" kí i, bí ẹni tó ń kí àlejò tí kò fẹ́ kó jókòó.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni ojú kànga dá. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì òkè ni kò yà mọ́, Kúlúsúmù sì ní, ó yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló súnmọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tòdìkejì ọ̀nà. Ìgbà tó yá, àwọn ará ìsàlẹ̀ pàápàá, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Stella, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì wọn kọjá lójú rẹ̀. Wọn á kí i dáadáa, wọn á tẹríba, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró. Okùn ìfami gbẹ sórí sìmẹ́ńtì. Aláǹgbá ń sá lé ara wọn lẹ́nu kànga.

Òkè lọ́hùn-ún ni ẹ̀rín wà. Láti orí àpótí rẹ̀, Kúlúsúmù ń gbọ́ ọ.

"Good morning, Mummy!"

"Morning, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ rọra o, ibẹ̀ ń yọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹni fi ata sójú egbò ló rí fún Kúlúsúmù. Ìgbà ayé Mùsáfírù ló ti mọ owú, nítorí ọkùnrin náà fẹ́ ìyàwó kejì nígbà kan, ìyẹn jókòó fún ọdún díẹ̀ kó tó kẹ́rù lọ. Ó rò pé ọjọ́ tí òun sin ọkọ lòun sin owú pẹ̀lú. Kò mọ̀ pé opó tún lè máa jowú, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń jowú nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Owú yìí sì le ju ti àtijọ́ lọ. Tìgbà yẹn, ó lè bá ọkọ jà, ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ta ni yóò bá jà báyìí? Ṣé yóò di akẹ́kọ̀ọ́ mú, kó ní kí ló dé tí o ò fa omi mi?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó ń gbá iwájú ilé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, kó lè rí ẹni tó ń kọjá. Bí wọ́n bá ní Stella fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní búrẹ́dì, òun náà á din àkàrà, á sì jókòó tì í títí yóò fi tutù. Ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, ó sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé omi bóòhóòlù náà wúwo, ó ń rùn bí irin, òun sì gbọ́ pé ó ń ba irun jẹ́. Àwọn obìnrin náà mi orí. Nígbà tí wọ́n jáde ní mọ́ṣáláṣí, ó rí méjì nínú wọn tí wọ́n yà síbi ẹ̀rọ náà lọ bomi sínú ike.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì, tí Stella sì lọ sọ́jà Mowe, Kúlúsúmù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lọ síbi ẹ̀rọ náà. Ó ṣí i díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi, ó tọ́ ọ wò. Kò rùn. Ó dùn, ó mọ́ lẹ́nu bí omi kànga Mùsáfírù ṣe rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sun. Ó nu ẹnu rẹ̀ bí olè, ó yára padà sílé. Inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó dá a lóró jù lọ kò tíì ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó jí, ó gbé àpótí rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló bá rí Dárasími tó ń ti òkè bọ̀, bókéètì lórí, omi ń kán sí i léjìká. Dárasími rẹ̀. Dárasími tó sùn sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí kànga kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Níbo lo ti pọnmi?"

Ọmọbìnrin náà sọ bókéètì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Mama, ẹ káàárọ̀ mà."

"Mo ní níbo lo ti pọnmi?"

"Lọ́dọ̀ Mummy Jùwọ́n ni, mà."

"Kí ló ṣe kànga?"

Dárasími wo bókéètì. "Kò ṣe nǹkan kan, mà. Ti ọ̀hún... ti ọ̀hún ló yá jù. Ẹ̀rọ ni, kò gba kéèyàn máa fa okùn."

Irọ́ ni, Kúlúsúmù sì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí òkè tí ọmọ náà gùn tó sì tún sọ̀ pẹ̀lú omi lórí nira ju fífa okùn lọ. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ó ń rò ó pé, ṣé búrẹ́dì ni, tàbí gẹ̀ẹ́sì tí obìnrin yẹn ń sọ? Kí ni òun kò ṣe fún ọmọ yìí?

Lẹ́yìn ìyẹn ni alága ẹgbẹ́ àdúgbò, Alhaji Yaqub, pe gbogbo onílé àti aṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpàdé níwájú ilé rẹ̀. Nígbà tí Kúlúsúmù fi máa dé, tí Dárasími tẹ̀ lé e, Stella ti jókòó sórí àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, àga tí Kúlúsúmù máa ń jókòó sí. Stella dìde fún un kíákíá. Kúlúsúmù ní, "Rárá o, ẹ jókòó," ó sì lọ jókòó sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì.

Alhaji Yaqub ṣàlàyé pé ìyà omi ń jẹ àwọn ará ìsàlẹ̀, lápá ọ̀nà odò, àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sì ń gun òkè lójoojúmọ́ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí. Ó ní Ìyá Jùwọ́n ti gbà láti fún wọn lómi látinú táńkì rẹ̀, àwọn onílé ìsàlẹ̀ sì ti dáwó páìpù jọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ní kí Ọlọ́run bù kún Ìyá Jùwọ́n, òun ni ìyá àdúgbò yìí.

"Ohun kan ló kù," ni Alhaji Yaqub wí. "Iwájú ilé Ìyá Oníkànga ni páìpù máa gbà. Òdìkejì, kòtò àgbàrá ni, páìpù ò lè gbà á. A wá ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin ìyá wa."

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Kúlúsúmù dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ọkọ mi ló fi ilé yẹn sílẹ̀ fún mi," ni ó wí. "Nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín níbí, ó wá omi débi tí wọ́n ní kò sómi. Mo fún yín mu. Mo fún àwọn ayálégbé yín mu. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan rí. Lónìí, ẹ ní kí n jẹ́ kí wọ́n hú iwájú ilé mi, kí omi ẹlòmíràn lè gba orí omi tèmi kọjá. Mi ò gbà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ, kànga mi ò tíì gbẹ."

Ó retí kí wọ́n bá òun jà. Kò sẹ́ni tó jà. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju ìjà lọ: wọ́n ń wo ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lára aṣojú họ́sítẹ́ẹ̀lì wo Dárasími lójú, Dárasími sì gbé ojú kúrò. Stella la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Kúlúsúmù rò pé òun ti borí ni. Ó rìn lọ sílé pẹ̀lú ọrùn líle.

Láti ọjọ́ yẹn, ó fi kànga náà ṣe ìjà. Ó ní kí Dárasími má fi omi òde wá sí ilé ìdáná òun. Omi kànga ló fi ń sè, omi kànga ló ń bù mu láìsè láti inú amù, pàápàá bí ó bá rí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì ń kọjá. Á bu ife ńlá, á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á mu ún tán níṣojú onítọ̀hún. Òjò sì ń rọ̀ ní gbogbo àkókò náà, ilẹ̀ mu omi títí ó fi yó.

Inú rírun ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀wà ni. Lẹ́yìn náà ni ara gbígbóná dé, orí fífọ́, àti òtútù tó ń mú un lábẹ́ aṣọ méjì. Ó mu àgbo, kò lọ. Nígbà tí Dárasími ti ilé-ìwé dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó bá a lórí ẹní, tó ń bá Mùsáfírù sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà wà ní ẹnu ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà sáré lọ pe oníkẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá títì Mowe. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, táífọ́ọ̀dù. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n dá a dúró.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Mama, omi wo lẹ ń mu?"

"Omi kànga mi ni. Omi tó dáa ni."

Nọ́ọ̀sì náà kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ. Dárasími wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó doríkodò, ó ń sunkún.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Mi ò ní kú."

"Mama, ẹ forí jì mí. A ti mọ̀ tipẹ́."

"Ẹ mọ kí ni?"

Ọmọ náà wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní nígbà òjò tó kọjá, ibà kan náà mú òun àti àwọn mélòó kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ òun kan tó ń kọ́ iṣẹ́ láàbù bu omi kànga náà lọ yẹ̀ wò, omi ìgbọ̀nsẹ̀ sì ti wọ inú rẹ̀. Sókàwéè ẹ̀gbẹ́ ilé ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ fún ara wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má fa ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí Mama gbọ́.

Kúlúsúmù rò ó: yàrá ẹ̀yìn ilé, Mùízz, òun fúnra rẹ̀ tó dúró lórí ihò náà tó ń bá àwọn tó gbẹ́ ẹ ṣàwàdà. Kì í ṣe Stella ló lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu kànga òun.

"Ta wá ni ẹ sọ fún?"

"Mummy Jùwọ́n, mà. Àwa la bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ẹ̀rọ síta."

Èyí wá dùn ún ju táífọ́ọ̀dù lọ. "Ẹ sọ fún un. Ẹ ò sọ fún mi."

"A ò mọ bí a ṣe máa sọ ọ́, Mama. Ẹ̀yin tí ẹ gbà mí nígbà tí mi ò ní ibi tí mo máa sùn. Ṣé kí n wá sọ fún yín pé omi yín ti bàjẹ́? Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń mu ún, ọkàn mi ń já. Mo máa ń da omi amù yín nù, mo máa ń fi ti ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tó ní kí n má gbé e wọlé mọ́."

Kúlúsúmù yí ojú sí ògiri. Kò fẹ́ kí ọmọ náà rí i.

Ní ọjọ́ kejì, Stella wá. Ó gbé ògì gbígbóná sínú fúláàsì, ó dì mọ́ín-mọ́ín sínú abọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Kúlúsúmù dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. Stella jókòó.

"Ó yẹ kí n sọ fún yín," ni Stella wí. "Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ máa se omi yín."

"O sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀bùn ní ìmọ́tótó."

"Ẹ má bínú, mà. Ojú ló ń tì mí."

Kúlúsúmù yí padà, ó wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. Ó hàn lójú obìnrin náà pé ó ti rẹ̀ ẹ́. "Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, kó o má sì purọ́ fún mi, aláìsàn ni mí. Nígbà tí gbogbo wọn wọ́ wá sí ẹnu géètì rẹ, ṣé inú rẹ ò dùn?"

Stella fi ọwọ́ pa etí fúláàsì.

"Inú mi dùn, Mama. Ó dùn gan-an. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé, Jùwọ́n ò sí nílé, Daddy rẹ̀ á ti jáde kí n tó jí. Èmi nìkan á wà nínú ilé ńlá yẹn. Mo máa ń dúró sẹ́yìn géètì láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ìyá Oníkànga, Ìyá Oníkànga, tí ẹ̀yin náà á máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń bí mi nínú. Mo máa ń ní, kí ni obìnrin yìí ní tí mi ò ní? Nígbà tí àwọn ọmọ wá bẹ̀ mí pé kí n yọ ẹ̀rọ, mo ti yọ ọ́ lọ́kàn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán."

Kúlúsúmù gbọ́ ọ, nǹkan kan sì tú nínú rẹ̀. Kì í ṣe àánú, kì í sì í ṣe ìfẹ́. Ara ló tù ú, bí ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ bàtà tó há. Nígbà tí òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìmọ nǹkan kan, ẹnìkan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì funfun tó ń jowú òun. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún ní ikùn.

"Bu ògì yẹn wá," ni ó wí. "Ṣúgà ńkọ́?"

Nígbà tó padà sílé, ó pe Mùízz láti Àgbàdo. Ó bá a sọ̀rọ̀ tó korò, kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀bi náà. Wọ́n kó ohun tó wà nínú ihò sókàwéè náà kúrò, wọ́n dí i pa, wọ́n gbẹ́ òmíràn sí ẹ̀yìn pátápátá, ní igun tó jìnnà jù. Wọ́n ní kànga náà yóò pẹ́ kó tó mọ́, bí yóò bá tilẹ̀ mọ́. Mùízz da sìmẹ́ńtì sí irin, ó fi ṣe ìdérí, ó dé e. Kúlúsúmù dúró tì í títí wọ́n fi dé e tán. Ó ṣàdúrà fún Mùsáfírù, ó sì wọlé.

Alhaji Yaqub wá kí i kú ewu. Ó yẹra fún ọ̀rọ̀ páìpù, ọ̀rọ̀ oyè àti ojú ọjọ́ ló ń sọ. Kúlúsúmù ló dá a sílẹ̀.

"Ẹ ní kí wọ́n wá gbẹ́ ọ̀nà páìpù yín, Alhaji. Ṣùgbọ́n etí ọ̀nà ni kí wọ́n gbà o. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan igi àgbálùmọ̀ mi, èmi àti wọn ni."

Ó jókòó tì wọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó ń pàṣẹ, ó ń ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn sí i kí kẹ̀kẹ́ má baà tẹ páìpù fọ́. Lọ́jọ́ tí omi ṣàn dé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ hó yèè, wọ́n sì sáré gòkè lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Mummy Jùwọ́n. Wọ́n gba iwájú ilé Kúlúsúmù kọjá. Ó mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀: owú náà ṣì wà níbẹ̀, ó gbé orí sókè bí ejò inú koríko. Ó wò ó. Ó jẹ́ kó kọjá. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà padà wá sọ́dọ̀ òun náà, wọ́n jókòó sórí ìdérí kànga, wọ́n ní kó sọ ìtàn bí omi ṣe sun nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́.

Láti ìgbà náà, bí ó bá ti kírun àárọ̀ tán, ó tún ń gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà mìíràn Stella á sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, tòun ti ife tíì lọ́wọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n Kúlúsúmù ti padà sí "o" tó ń pè é, Stella sì gbọ́ ìyàtọ̀ náà, ó kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí Dárasími ṣe ìdánwò àṣekágbá, tí ó di ẹrù láti máa lọ ilé, ó lọ dágbére kiri àdúgbò. Kúlúsúmù jókòó sínú ilé, ó ń tẹ́tí. Ó gbọ́ nígbà tí géètì òkè ṣí. Òkè ló kọ́kọ́ yà. Ó gbọ́ ohùn wọn, ó gbọ́ ẹ̀rín, ó gbọ́ nígbà tí géètì tún padé. Ó yára gbé aṣọ kan tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó tún un ká.

Dárasími wọlé, ó kúnlẹ̀ sí iwájú rẹ̀, kò sì dìde. Ó gbé orí lé e ní itan. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní ọkọ̀ òun kò ní tètè lọ, ìrọ̀lẹ́ ni.

"Kí lo jẹ lọ́dọ̀ Ìyá Jùwọ́n?" ni Kúlúsúmù bi í.

"Tíì ni, Mama. Wọ́n ní kí n jẹ ìrẹsì, mo ní mi ò jẹ."

"Tíì nìkan?"

"Tíì nìkan, mà."

Kúlúsúmù dìde, ó gbé ìkòkò kaná, ó sì ní kí ọmọ náà wá bá òun rẹ́ ilá.